Fọ́nrán Ìríran àti Gbàgede Ojú: Ìtàn Àyẹ̀wò Méjì fún Glọkọ́mà

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àmọ́ glọkọ́mà a máa gba ojú lọ kí olójú tó fura. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé, nínú 100 ẹni tí ó ti pé ẹni 40 ọdún, bí 5 ní àìsàn náà, àti pé nínú 20 tí ó ní in, bí ẹnì kan péré ni ó mọ̀. Nítorí náà, bí a ṣe ń dá a mọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àyẹ̀wò gbàgede ojú, ìyẹn gbogbo ibi tí ojú ń rí láìyí, ni ó ṣáájú. Albrecht von Graefe ní Jámánì ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ oníṣègùn ojú ní 1856. Ní 1889, Jannik Bjerrum ní Denmark fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣe pátákó àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ Hans Goldmann dé ní 1945, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ìlànà kò yí padà: kí aláìsàn tẹjú mọ́ ibì kan, kí ó sì sọ ìgbà tí ó bá rí iná.

Ní 1982, Harry Quigley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé fọ́nrán tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ lè kú tó ìdá 40 nínú 100 kí ẹ̀rọ Goldmann tó rí àbùkù. Ní 1991 ni ẹ̀rọ OCT jáde. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń wọn bí ìpele fọ́nrán náà ṣe nípọn tó, láìbéèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn bá ti wọra, ìpele náà kì í tín-ín-rín mọ́, bí ìríran tilẹ̀ ń lọ. Àyẹ̀wò àtijọ́ ni ó ń tọpa rẹ̀ nígbà náà.

Ní Tarauni, ní Kano, ni Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Aminu Kano wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Haúsá ni èdè ìlú náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá àti Ìgbò ti ń gbé ní Sabon Gari. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò gbàgede di ọ̀rọ̀ èdè. Bí aláìsàn kò bá gbọ́ ìlànà yé, yóò máa wá iná kiri, èsì yóò sì ṣìnà. Àwòrán kò nílò ògbufọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí olójú ṣì ń rí. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ ń pẹ́ kí wọ́n tó wá ìtọ́jú, ìlànà tí a là yé ènìyàn ní èdè abínibí rẹ̀ jẹ́ ara ìwòsàn.