Amọ̀ Tí Kì Í Bẹ̀rù Iná

Ojú irin wọ Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908. Àárín méjèèjì ni Ọ̀fà wà, kò sì pẹ́ tí fèrè rélùwéè fi di ohun àmúṣagbára nílùú ìjàkadì. Irin ni gbogbo ayé ń wò. Ta ló béèrè ohun tó ń gba iná mọ́ra nínú iléru ẹ́ńjìnnì eléèédú? Bíríkì amọ̀ ni o!

Kì í ṣe gbogbo amọ̀ ló lè bá iná jìjàkadì bẹ́ẹ̀. Amọ̀ pupa tí a fi ń mọ ìkòkò ọbẹ̀ ní ìpẹtà irin nínú. Bí iná bá pọ̀ jù fún un, á rọ̀, á sì yọ́. Akọni ni èyí tó bá ẹfun tan. Irin yọ́ ní ìwọ̀n 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹfun tó mọ́ gaara ò tíì yọ́ ní 1,700.

Ẹ má sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun, wọ́n ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Irú amọ̀ akọni yìí ni wọ́n fi mọ ìkòkò tí wọ́n ń yọ́ ọ sí. Nígbà tí Frobenius ará Jámánì dé ibẹ̀ ní 1910, ó ní àwọn ará Atlantis ló wá ṣe ère Ifẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ní 2017, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde: ó hú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 níbẹ̀ pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò náà, ó sì hàn pé Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe gíláàsì ọ̀hún.

Ẹ wá wo tiwa. Kwara ni Ajaokuta wà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ irin ibẹ̀, kó tó bọ́ sí Kogi ní 1991. Títí di òní, iléru ńlá rẹ̀ ò tíì da irin. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń dáná, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra bíríkì iná, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wa kún fún ẹfun.

Ẹni tó ní omi nílé kì í fi itọ́ bọ́jú. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. Ohun tí baba mọ̀ ní Ifẹ̀, kò yẹ kí ọmọ máa fi owó rà lọ́jà òyìnbó.