Pèrègún Ààlà: Ìtàn Oko Ìdílé ní Ìkirè àti Àpòmù

Bí ènìyàn bá yà kúrò lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tó gba ọ̀nà oko wọ inú igbó Ìkirè tàbí Àpòmù, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí pèrègún méjì tàbí mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn láàrin igi kòkó. Àlejò lè rò pé ó kàn hù bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ oko mọ̀ pé ẹnìkan ló gbìn ín. Ibẹ̀ ni oko bàbá ẹnìkan parí sí, ibẹ̀ ni ti ẹlòmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbìn ín ti kú tipẹ́, síbẹ̀ bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé iwájú àwọn àgbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, “Pèrègún dà?”

Kí kòkó tó dé, ọjà ni wọ́n fi ń mọ Àpòmù. Ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé Awólẹ̀ a máa ṣòwò wá síbẹ̀ kó tó di Aláàfin. Ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú lọ́jà Àpòmù. Baálẹ̀ gba ọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì na ọmọ ọba. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí ìtẹ́, ó ní kí wọ́n lọ kógun ja Àpòmù. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ òun lè tú ìlú, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ kí Aláàfin lè fọwọ́ wọ́nú. Mo fi ìtàn yìí ṣáájú ọ̀rọ̀ oko nítorí pé ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ Àpòmù tà lónìí, ilẹ̀ tí baálẹ̀ kan fi orí rà ló ń wọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni ti Òwu. Ìjínigbé pọ̀ lọ́nà ọjà náà, Oníkòyí àti Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ sì ránṣẹ́ sí Olówu pé kó bá wọn dá a dúró. Òwu gbé ogun dìde, ó sì pa Àpòmù, Ìkirè àti àwọn ìlú míì ní ilẹ̀ Ifẹ̀ run. Nígbà tó yá, ìjà ataare tí wọ́n tà lọ́jà Àpòmù kan náà mú kí Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀ láti bá Òwu jà. Wọ́n dó ti Òwu títí ó fi tú ní àwọn ọdún 1820. Àwọn jagunjagun tó dó ti Òwu yìí ni wọ́n wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, Ìkirè àti Àpòmù sì bọ́ sábẹ́ agbára Ìbàdàn. Nínú gbogbo ogun yẹn, oko etílé ló rọrùn láti dá. Ọ̀nà jíjìn léwu, igbó sì gba oko àná padà.

Ìgbà tí ogun Kírìjì parí pátápátá, tí àwọn àgọ́ ogun tú ká ní 1893, ni ọkùnrin lè ru àdá lọ sínú ẹgàn láìru ìbọn. Àkókò yẹn gan-an ni kòkó ń bọ̀ láti ìhà Èkó. J.P.L. Davies ti gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n lẹ́yìn 1880, J.K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ Agége di ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ kòkó. Àwọn tó lọ ṣe lébìrà níbẹ̀ kó hóró kòkó bọ̀ wálé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù tó bá ti lè dé Ìbàdàn lè dé òkun. Láti Ìkirè, orí ni wọ́n fi ń rù ú.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí oko àkọ́kọ́ gbà. Bàbá á ṣán igbó, á gé igi, á sun ún. Iṣu àti àgbàdo ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbìn, nítorí ẹnu kì í dúró de kòkó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni wọ́n fi ń ṣe ibòòji fún ọmọ kòkó kí oòrùn má baà pa á. Ó di bí ọdún márùn-ún sí méje kí igi tó so dáadáa. Nígbà tó bá sì so, tọkọtaya àti ọmọ ni yóò jókòó fọ́ ọ, wọn á kó hóró rẹ̀ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn á bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, wọn á sá a, wọn á máa yí i. Òjò ṣú, gbogbo ilé á sáré. Ahéré tí wọ́n kọ́ láti sá òjò sí ló di abà, abà di abúlé. Wásinmi, lọ́nà Ìkirè sí Gbọ̀ngán, gbé ìtàn rẹ̀ sínú orúkọ rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibòòji yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá ọjà pàdé, èyí tó bá pọ́n jù á rọ̀, á dúdú. Àwọn obìnrin Ìkirè kò dà á nù. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n dín in nínú epo pupa. Dòdò Ìkirè nìyẹn, tí ẹni tí kò tẹ Ìkirè rí náà mọ orúkọ rẹ̀. Nínú ìtàn kòkó, orúkọ bàbá ni wọ́n máa ń pè. Lójú tèmi, obìnrin tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ ilé nígbà tí kòkó ò tíì so jẹ́ olùdásílẹ̀ oko bíi ti ọkọ rẹ̀.

Bí oko kòkó ṣe ń gbòòrò, ẹni tí kò ní ilẹ̀ wá tọrọ, wọ́n fún un, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn alágbàṣe náà wá láti ilẹ̀ Ìgbìrà àti Àgátú. Láti 1947 ni ìgbìmọ̀ ìjọba ti ń dá iye tí wọ́n máa ra kòkó, títí wọ́n fi tú u ká ní 1986. Ohun tí wọ́n yọ lára owó àgbẹ̀ wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 dúró àti Ilé Kòkó tí wọ́n parí n'Ìbàdàn ní 1965. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò rí púpọ̀ jẹ níbẹ̀. Nígbà tí owó orí tún wá wúwo ní 1968 àti 1969, Àgbẹ̀kọ̀yà dìde jákèjádò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn títí ìjọba fi dín in kù.

Lónìí, igi tí bàbá ńlá gbìn ti gbó, kò so bíi tàtẹ̀yìnwá. Lẹ́bàá títì, wọ́n ń gé oko kòkó sí púlọ́ọ̀tì. Katakata ló ń fa pèrègún tu, ẹni tó ń wà á kò sì mọ ohun tó tu.

Ẹ̀yin ọmọ Ìkirè àti Àpòmù nílé lóko, ẹ má dúró dìgbà tí ẹjọ́ bá dé. Ẹ mú àgbà ilé yín lọ sóko nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e. Ẹ jẹ́ kó fi ààlà hàn yín, kó sọ orúkọ bàbá tó kọ́kọ́ ṣán igbó náà àti ti ìyá tó bá a dá a, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àṣà wà ní Ìkirè níbẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀dà kan lọ fún wọn.