Omíyalé Ìbàdàn àti Ìmọ̀ràn Àwọn Ará Etí Odò

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ìtàn yẹ̀ wò: àwọn wo ni ó yẹ kí ó jókòó nígbà tí ìjọba bá ń gbèrò lórí òjò àti àyípadà ojú-ọjọ́? Ìlú Ìbàdàn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Odò Ògùnpa kún ya ìlú ní 1951, 1955, 1960, 1963 àti 1978. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni ó burú jù. Ó lé ní 200 ènìyàn tí ó bá a lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba fi sìmẹ́ńtì àti irin mọ ojú odò náà. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun pé kí ó má da ìdọ̀tí sódò. Wolé-wolé ayé àtijọ́ a máa ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kì í ṣe àdéhùn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, odò Ọ̀nà ni omi gbà wá: ó bo dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, tí a kọ́ ní 1942, mọ́lẹ̀. Ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú káàkiri ìlú. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó dọ́là mílíọ̀nù 200 fún ìdènà omíyalé Ìbàdàn. Bí ayé sì ti ń gbóná sí i, òjò tí ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò máa le sí i ni.

Òfin àyípadà ojú-ọjọ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2021 fún àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́, àwọn aláàbọ̀ ara àti alága ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní àyè nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Àbújá ni àga wọ̀nyẹn wà. Ìyá àgbà tí ó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá Ògùnpa lè fọwọ́ kan ibi tí omi dé lára ògiri. Ìwé kankan kò gba ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí àwọn mọ́gàjí, àwọn ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tọdún tọdún, kí a sì gbé ìwé náà fún onímọ̀ ẹ̀rọ kí ó tó ya àwòrán, kí a tó gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe.