Bí a ṣe ń yí ipò ínfọ́ìsì padà lórí Zoho Books

Ẹni tó ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, tó sì ń fi Zoho Books kọ ínfọ́ìsì, kó mọ̀ pé Draft ni ínfọ́ìsì tuntun máa ń jẹ́. Gbèsè inú rẹ̀ kò tíì wọ ìṣirò o. Bó bá jẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tó fi lé oníbàárà lọ́wọ́, kó tẹ Mark as Sent fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn ti ṣọ́ra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n jẹ ẹ́ kò ní hàn.

Oníbàárà san díẹ̀? Kó kọ ọ́ sí Record Payment, á di Partially Paid. Tó bá san tán, ó di Paid.

Bí oníbàárà bá ní òun kò ra mọ́, Void ni kó tẹ̀, kó má pa á rẹ́, kí nọ́ńbà rẹ̀ lè ṣì wà nínú ìwé. Bí Void náà bá jẹ́ àṣìṣe, Convert to Draft á dá a padà.