Ìsinmi Olówó Pọ́ọ́kú Létí Òkun: Ta Ló Ń San Ìyókù?

Tọkọtaya tó bá gbéra láti Àkúrẹ́ lọ sí etíkun Ìlàjẹ yóò gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa kọjá kí wọ́n tó dé Igbokoda. Ibẹ̀ ni ọjà ẹja ti ń kún, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí àwọn ìlú tó kọjú sí Òkun Àtìláńtíìkì: Ayétòrò, Ugbonla, Awoye, Molutehin àti àwọn mìíràn. Bí wọ́n bá dé Ugbonla, wọn yóò rí òkun, wọn yóò rí ilé orí òpó, wọn yóò sì rí ẹja tútù àti púpurù jẹ. Ohun tí wọn kò ní rí ni etíkun oníyanrìn funfun tí wọ́n to àga ìgbafẹ́ sí, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ìrìn-àjò máa ń yà sínú ìwé ìpolówó wọn.

Ní ibòmíràn láyé, irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ lè san owó kan ṣoṣo kí wọ́n tó kúrò nílé. Owó náà ni ti ọkọ̀ òfuurufú, òun ni ti yàrá, òun ni ti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, òun náà sì ni ti ọtí àti ijó alẹ́. Bí wọ́n bá ti wọ ọgbà ilé ìtura náà, ọwọ́ wọn kò tún ní kan àpò mọ́ títí wọn yóò fi padà sílé. Owó ọ̀hún kì í sì í ga ju agbára olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ. Ìsinmi àsanpọ̀ ni orúkọ tó bá a mu. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ojú àwọn tó ń gbé etíkun rí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, jẹ́ ìtàn tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń retí pé kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ dé etíkun Ìlàjẹ lọ́jọ́ kan kà.

Kì í ṣe nítorí ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ní 1936, ìjọba ilẹ̀ Faransé ṣe òfin pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, kí owó iṣẹ́ wọn má sì dúró. Lọ́dún kan náà, Billy Butlin ṣí àgọ́ ìgbafẹ́ kan sí Skegness, létí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpolówó rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan fún owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Yàrá, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta àti eré ìdárayá wà nínú owó náà. Nígbà tó di 1938, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe òfin ìsinmi olówó tiwọn.

Ogun Àgbáyé Kejì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn ogun, ní 1950, ọkùnrin kan tó ti ṣe akọ̀ròyìn rí ní iléeṣẹ́ Reuters, Vladimir Raitz, fi ọkọ̀ òfuurufú kó èrò láti London lọ sí Calvi ní erékùṣù Corsica. Pọ́n-ùn méjìlélọ́gbọ̀n àti ṣílè mẹ́wàá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Inú àgọ́ aláṣọ ni wọ́n sùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùsùn ni wọ́n ti san owó wọn pa pọ̀. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ìjọba gbà á láyè láti kó. Lọ́dún yẹn kan náà ni Gérard Blitz, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, pàgọ́ sí Alcúdia ní erékùṣù Mallorca, ó sì pè é ní Club Méditerranée. Nínú àwọn àgọ́ rẹ̀, ó di àṣà pé kí àlejò má mú owó dání rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn ni wọ́n fi ń ra ọtí.

Àwọn oníròyìn ilẹ̀ Yúróòpù gba èyí bí ohun tuntun: àwọn ènìyàn ń gbé létí òkun láìná owó. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ṣáájú Blitz, ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1947, àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ Aládúrà, tí inúnibíni lé kúrò nílé, ti ri òpó mọ́ ẹrẹ̀ létí òkun tí kò jìnnà sí Ugbonla. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ayétòrò. Kò sí ẹni tó ní owó tirẹ̀ níbẹ̀. Apẹja kó ẹja rẹ̀ fún ìlú, ahunṣọ kó aṣọ rẹ̀ fún ìlú, ìlú sì ń bọ́ wọn, ó ń daṣọ bò wọ́n, ó ń kọ́ ilé fún wọn. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi ńlá, wọ́n dá iléeṣẹ́ aṣọ àti ti bàtà sílẹ̀. Iná mànàmáná tàn ní Ayétòrò ní 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àlejò ń wá láti òkèèrè láti fi ojú ara wọn rí i. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń parí lọ ni àjùmọ̀ní náà tú, tí oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò tirẹ̀. Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ odindi ìwé lórí ìdìde àti ìṣubú rẹ̀ ní 1977.

Kì í ṣe ìgbafẹ́ ni Ayétòrò wà fún, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ilé ìtura. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín rẹ̀ àti àgọ́ Blitz ló ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Ayétòrò, ẹni tó ń pẹja náà ló ń jẹ ẹja. Ẹni tó ń dáná náà ló ń jókòó ti abọ́. Ní àgọ́ ìgbafẹ́, ẹni tó ń jẹun yóò padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń dáná ni yóò ṣẹ́kù síbẹ̀. Bí owó àjẹpọ̀ náà bá kéré, ẹnì kan ní láti bá wọn san ìyókù rẹ̀.

Ìsinmi àsanpọ̀ ré kọjá sí àwọn erékùṣù Karíbíánì. Ní 1978, Abe Issa, oníṣòwò pàtàkì ní Jàmáíkà, ṣí ilé ìtura kan sí Ocho Rios tó jẹ́ pé tọkọtaya nìkan ló ń gbà wọlé. Couples ni orúkọ rẹ̀. Ní 1981, Gordon Stewart dá Sandals sílẹ̀ ní Montego Bay. Àwọn méjèèjì gbèrú, wọ́n sì gba ọmọ Jàmáíkà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹ̀yìn ògiri. Onítakísí, alágbẹ̀dẹ ère, obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo wọn ń wí pé àlejò pọ̀ nílùú ṣùgbọ́n àwọn kò rí wọn. Ẹni tó ti sanwó oúnjẹ alẹ́ nílé kò ní wá ra oúnjẹ alẹ́ mìíràn níta.

Orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi òfin dá ọ̀rọ̀ náà. Ní 1965, ọdún tí Gáḿbíà gba òmìnira, ọmọ ilẹ̀ Swídìn kan, Bertil Harding, rí i pé nígbà tí òtútù bá ń pa àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni ní Gáḿbíà, oòrùn sì ń ràn lórí iyanrìn gbalaja. Nǹkan bí 300 àlejò ló wá ní àkókò àkọ́kọ́ náà. Kí ọdún 2010 tó pé, iye wọn ti kọjá 100,000 lọ́dún, tọkọtaya àgbàlagbà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n gbé ilé ìtura kalẹ̀ ní Kotu àti Kololi, àwọn obìnrin tó ń ta èso àti àwọn ọkùnrin tó ń fún omi ọsàn sì pé jọ sí etíkun níwájú wọn.

Nígbà tí ìsinmi àsanpọ̀ dé, ilé oúnjẹ àti ọjà iṣẹ́ ọnà tó wà níta bẹ̀rẹ̀ sí í dá páropáro. Ní 1999, ìjọba Gáḿbíà fòfin de é. Kò sí ìjọba mìíràn tó tíì gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìrìn-àjò ní Yúróòpù ló ń kó àlejò, àwọn ló ni ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì lè darí àwọn èrò náà sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ tí ìjọba fi yí òfin náà padà.

Ohun tí òfin kò lè ṣe, àpérò ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 2000, àwọn oníṣòwò kéékèèké tó wà nídìí ìgbafẹ́ kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan. Wọ́n bá àwọn onílé ìtura jókòó. Àwọn tó ń fún omi ọsàn àti àwọn tó ń ta èso gba ìsọ̀ tó mọ́, wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀, wọ́n fi iye owó ọjà hàn gbangba, wọ́n sì fòpin sí kí èèyàn márùn-ún máa dọdẹ oníbàárà kan ṣoṣo. Àwọn onílé ìtura náà jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé kò sí ewu níta. Owó tó ń wọlé fún wọn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àpérò náà kò mú okùn kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Thomas Cook, iléeṣẹ́ ìrìn-àjò tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wó lulẹ̀ láàárín òru. Apá ńlá nínú àwọn tó ń lọ sí Gáḿbíà, iléeṣẹ́ náà ló ń kó wọn. Ọjà tí wọ́n ń pàtẹ ní Kotu gbọgbẹ́ nítorí gbèsè tí wọ́n jẹ ní London.

Kí wá ni èyí kan Ugbonla? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun fẹ́ sọ etíkun Aràròmí, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìlàjẹ, di ibùdó ìgbafẹ́ ńlá. Ohun tó dára ni. Láti Badagry títí dé Aràròmí, iyanrìn ni etíkun náà, orí irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ sì ni La Campagne Tropicana wà ní Ikegun, ní Ibeju-Lekki, níbi tí ọmọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fi ewé, ìlù àti oúnjẹ ilẹ̀ wa ṣe ilé ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjá Aràròmí sí ìhà ìlà-oòrùn, iyanrìn tán. Ẹrẹ̀ ni etíkun láti ibẹ̀ dé ẹnu odò Benin. Orí ẹrẹ̀ yìí ni Ugbonla àti Ayétòrò wà. Ẹrẹ̀ kò lágbára láti dènà ìgbì. Ọ̀nà omi tí wọ́n là ní ìhà Awoye nítorí iṣẹ́ epo tún jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú irà, ó pa igi àti koríko tó ń di ilẹ̀ mú, òkun sì tẹ̀ síwájú.

Kì í ṣe òní ni àjèjì ti ń fẹ́ etíkun yìí. Ní 1885, iléeṣẹ́ Gaiser ti Hamburg bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, kí ọjà Jámánì lè rí ọ̀nà wọ inú ilẹ̀ láìgba Èkó kọjá. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni àwọn elépo dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lọ sí ibùdó epo Parabe ti Chevron láàárín òkun, tí wọ́n ń bèèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe ilẹ̀ àti omi wọn tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn ológun fi hẹlikópítà balẹ̀, ọ̀dọ́ méjì sì kú. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ní San Francisco dá Chevron láre ní 2008. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni rò nípa ìdájọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ yẹn mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó wà nínú ọgbà àti ẹni tó wà lóde.

Ní 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun Ayétòrò síta fún owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà náírà. Ní 2009, wọ́n tún gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn. Òkun kò dúró dè wọ́n. Ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn ti lọ sínú omi, àwọn ará Ugbonla àti àwọn ìlú tó yí wọn ká sì ń fa ilé wọn sẹ́yìn bí òkun ṣe ń lé wọn. Gáḿbíà pàápàá, tó níyanrìn, rí irú rẹ̀: láàárín 2003 sí 2004, wọ́n wa iyanrìn láti inú òkun dà sí Kololi, ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀ ìgbì ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí fi lé Ìlàjẹ lọ́wọ́, èkínní sì ni pé ilẹ̀ ló ṣáájú ilé ìtura. Kò sí tọkọtaya tí yóò sinmi níbi tí onílé kò ti lè sùn. Èkejì ni pé bí olùdókòwò bá dé lọ́la pẹ̀lú àwòrán ilé ìtura àsanpọ̀, yálà ní Aràròmí tàbí ibòmíràn, ìbéèrè tó yẹ kí àwọn ọba àti ará ìlú kọ́kọ́ bi í ni ibi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí. Ta ni yóò máa ta ẹja fún ilé ìdáná rẹ̀? Ṣé ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ Ìlàjẹ ni yóò máa kó àlejò? Ṣé obìnrin tó ń ta púpurù àti edé yóò ní ìsọ̀ nínú ọgbà, àbí ẹ̀yìn ògiri ni yóò ti máa gbọ́ ìlù? Ẹ̀yìn tí wọ́n ti kọ́ ògiri tán ni Gáḿbíà tó bèèrè. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní.