Ẹ̀rọ Tó Ń Wọ́ Ara, Tó Sì Ń Ka Agbára

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí ìbọn, èyí tí wọ́n máa ń gbé lé itan tàbí èjìká tó ń dunni, tí á wá máa lù ú kì-kì-kì. Massage gun ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá rí i lè rò pé ọgbọ́n àná ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn wọ́ ara.

Ìlú Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, la ń lọ lónìí. Ní 1813, Per Henrik Ling dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú ètò tirẹ̀, olùtọ́jú á dúró ti aláìsàn, á máa fà á lápá, á máa tì í lẹ́sẹ̀, á máa fọwọ́ tẹ ẹran ara rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ọwọ́ méjì péré lèèyàn ní, ó sì máa ń rẹ ọwọ́. Ṣé bí olùtọ́jú ṣe tẹ ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà ló ṣe máa tẹ ẹni ogún nírọ̀lẹ́?

Ìbéèrè yẹn ni Gustav Zander, tí wọ́n bí ní 1835, wá ìdáhùn sí. Dókítà ni. Ní 1865, ó ṣí ilé ìtọ́jú kan ní Stockholm tó kún fún ẹ̀rọ tóun fúnra rẹ̀ ronú jáde. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo ooru omi gbígbóná ló ń yí àwọn tó wà fún màsáàjì. Òmíràn ní òòlù kéékèèké tí wọ́n fi awọ bò, tó ń lu ẹ̀yìn. Òmíràn ń po ikùn bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Òmíràn sì ń gbọn apá tàbí ẹsẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí aláìsàn máa ń fi agbára ara rẹ̀ gbé: ọ̀pá tí wọ́n fi irin wíwúwo há. Bí wọ́n bá sún irin náà síwájú, á wúwo sí i. Bí wọ́n bá sún un sẹ́yìn, á fúyẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí jíìmù, ṣé ẹ ti ń rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ? Lójú tèmi, ibi tí agbára ẹ̀rọ Zander wà gan-an nìyẹn. Ọwọ́ olùtọ́jú lè mọ̀ pé ara ẹ ti ń le, àmọ́ ẹ̀rọ lè kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Ní 1876, ó gbé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbi àfihàn àgbáyé ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1912, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ọkọ̀ òkun Titanic, níbi tí àwọn olówó ti ń gun ràkúnmí oníná kí ara wọn lè jí pépé.

Àmọ́ kì í ṣe olówó nìkan ló lò ó. Ní 1884, ìjọba Jámánì ṣòfin adójútòfò fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń san owó náà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn tó ṣèṣe lọ síbi tí ẹ̀rọ Zander wà, kí wọ́n lè tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni ò fẹ́ kí apá òun tún ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó lè fi hàn pé agbára rẹ ń padà bọ̀, òun náà ni wọ́n lè fi sọ pé owó ìrànwọ́ rẹ yẹ kó dín kù. Làwọn òṣìṣẹ́ bá fún irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lórúkọ ìnagijẹ, orúkọ tó túmọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń fún owó ìrànwọ́ èèyàn bí ẹni ń fún aṣọ.

Ohun tó mú mi lọ́kàn nínú ìtàn yìí nìyẹn. Irin ò mọ ibi, irin ò mọ ire. Ẹni tó ń ka nọ́ńbà orí irin, tó sì ń pinnu ohun tí nọ́ńbà náà máa ṣe sí ọ, ni kó o máa wò.

Lónìí, ẹ̀rọ màsáàjì míì ń bá fóònù sọ̀rọ̀, aago ọwọ́ ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Mi ò ní kẹ́ ẹ ju tiyín nù o. Ara tó bá ń roni yẹ kó rí ìtura. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tẹ "mo gbà" lójú fóònù, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: ta ló máa rí nọ́ńbà yín, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Àwọn òṣìṣẹ́ Jámánì ò rí ẹni bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó gbé wọn sórí ẹ̀rọ.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sẹ́ni tí ẹ̀yìn ń dùn.