Níbo Ni Kí Òṣìṣẹ́ Fi Owó Ọjọ́ Alẹ́ Pamọ́ Sí? Ìtàn Láti Èbúté-Mẹ́ta Dé Sùúrùlérè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ní Yábà, Múṣìn tàbí Sùúrùlérè kò ní babaláwo tí yóò sọ fún un ohun tí náírà yóò lè rà ní ogún ọdún sí ìsinsìnyí. Síbẹ̀, òní ló gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí yóò tọ́jú owó tí yóò máa ná ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ sí. Ìpinnu náà kì í ṣe tuntun ní apá Èkó yìí. Ẹni tó bá sì tẹ̀lé ìtàn rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé olè àti oníjìbìtì kọ́ ló ba owó àwọn arúgbó jẹ́ jù lọ. Ọ̀wọ́n-gógó ọjà ni.

Èbúté-Mẹ́ta ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ rélùwéè wà. Láti ọdún 1901 tí ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ yìí ti ń kó akọ̀wé, awakọ̀, alágbẹ̀dẹ àti káfíńtà jọ, tó ń san owó oṣù fún wọn. Àgbẹ̀ tó bá dàgbà ṣì ní oko, ó sì ní ọmọ tí yóò bá a ro ó. Owó oṣù kò rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní ó tó, ó parí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ náà tún kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Kò sẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó wọn, àmọ́ ohun tí owó náà lè rà ń dínkù lọ́dọọdún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba amúnisìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà láti Auchi tí wọ́n lé e lọ, wà níwájú wọn. Ìyanṣẹ́lódì náà lé ní ogójì ọjọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí a fi ìdajì kún owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ń san nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Hubert Ogunde gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìtàgé lọ́dún náà gan-an nínú eré tó pè ní "Strike and Hunger".

Òfin owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ jáde ní 1951, wọ́n sì ní kí ó ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn dé 1946. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà, ọwọ́ Gómìnà ló wà. Ní 1961, ìjọba dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ń dáwó sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san owó ọ̀hún fún ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹbí a sì ti gbọ́ kí ó tó délé. Òfin 1979 ló wá tún ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe: owó gbankọgbì ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, pẹ́ńṣàn lóṣooṣù títí di ọjọ́ ikú. Ó dùn ún gbọ́. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò sí àpò kankan tí wọ́n ń tọ́jú owó náà sí. Nínú owó tó bá wọlé fún ìjọba lọ́dún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń san án, bí owó epo bá sì já, arúgbó ni yóò kọ́kọ́ dúró.

Àwọn ọlọ́jà Tẹ́júoṣó àti Òyìngbò kò sí nínú ètò yẹn rárá. Èésú àti àjọ ni tiwọn. Ó ti pẹ́ tí èésú ti wà nílẹ̀ Yorùbá. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ní ti àjọ, títí di òní ni wọ́n fi ń yin ọlọ́gbọ́n pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó ń gba owó àìmọye ènìyàn láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń fojú kéré àjọ nítorí pé kò ní èlé. Wọn kò wò ó dáadáa. Oṣù kan ni àjọ ń gbé, kí ọ̀wọ́n ọjà tó rí i ni ọlọ́jà ti gbà á, tó ti fi ra ọjà. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó gbé ọgbọ̀n ọdún.

Ohun tó gbé ọgbọ̀n ọdún ni ilé. Láti 1955 ni ìjọba ti ń wó àwọn ilé kan ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sunkún: oníṣòwò pàdánù oníbàárà rẹ̀, ẹbí tó ti ń gbé agbo ilé kan náà fọ́n ká, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé ilẹ̀ tí wọ́n ń kẹ́gàn yóò di wúrà. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ tó bá rí owó yá a fi kọ́ yàrá díẹ̀ sí Múṣìn tàbí Ìtìrẹ́, kí owó ilé lè bọ́ ọ lọ́jọ́ alẹ́. Èrò náà bọ́gbọ́n mu, nítorí bí ọjà bá gbówó lórí, owó ilé náà a gbówó lórí. Àmọ́ a kò lè já ògiri kan tà láti fi san owó ilé ìwòsàn, ìjà tó sì ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ lẹ́yìn ikú bàbá kò ṣeé fẹnu sọ.

Àwọn tó gbára lé pẹ́ńṣàn nìkan ló rí ìjà. Kí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó dé ní 1986, dọ́là kan kò tó náírà méjì. Ní 1995, ọ̀wọ́n ọjà ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní 1984 pẹ̀lú owó tó tó bọ́ ìdílé rí i pé owó kan náà kò tó ra àpò ìrẹsì mọ́. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 pàṣẹ ní abala 173 pé kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò pẹ́ńṣàn ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ó pẹ́ jù, tàbí nígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù. Ọdún márùn-ún! Ní irú ilẹ̀ yìí, ó ti tó kí owó di ìdajì.

Ọdún 2004 ni nǹkan yí padà, ọ̀nà méjì ló sì gbà yí. Ní oṣù Kẹfà, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin pẹ́ńṣàn tuntun: òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ yóò máa dáwó sí àpò tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ kan ni yóò máa pinnu ibi tí owó náà yóò ti ṣòwò, òmíràn ni yóò sì di owó náà mú, kí ẹni tó ń pàṣẹ má baà jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú àpò. Ní oṣù Keje, Charles Soludo, Gómìnà Báńkì Àpapọ̀, pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. Láti rí owó yẹn, àwọn báńkì kó ìpín ìdókòwò wọn, èyí tí ará ìgboro ń pè ní ṣíà, wá síta fún títà.

Kò sí ẹni tó gbàgbé àkókò náà. Fọ́ọ̀mù ṣíà wà káàkiri bí ìwé ìpè ìyàwó. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó gbankọgbì, gbogbo wọn ló ń rà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ yá owó báńkì láti fi ra ṣíà báńkì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà náà gun òkè dé 66,371. Ní ìparí oṣù Kẹta 2009, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Ẹni tí ṣíà rẹ̀ bá ọjà náà rìn láti mílíọ̀nù kan náírà kò ní ju nǹkan bí 300,000 lọ lẹ́yìn ọdún kan. Ní oṣù Kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún. Ní oṣù Kẹjọ 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n sì yí orúkọ wọn padà. Owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ síbẹ̀ kò sọnù, ṣùgbọ́n àwọn tó ra ṣíà kò gba kọ́bọ̀.

Wọ́n ní kí onísùúrù mú sùúrù, ọjà yóò gbérí. Ó gbérí lóòótọ́: ní 2023 ló tó padà kọjá 66,371, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn oníròyìn yọ̀. Àmọ́ ní 2008, nǹkan bí 117 náírà ni dọ́là kan. Nígbà tí ọjà padà dé ibi tó wà, dọ́là ti ju 700 náírà lọ. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà padà, owó kò padà. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ, yàtọ̀ sí èrè ọdọọdún tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń pín.

Àpò pẹ́ńṣàn tuntun kò rí irú ìṣubú yẹn, nítorí òfin kò gbà kí wọ́n kó gbogbo owó náà sínú ṣíà. Ìjọba ni wọ́n yá ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìdánilójú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá ti 1945 ṣì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2024, ìwé ẹ̀yáwó ọlọ́dún kan tí ìjọba ń tà ń mú èrè tó lé ní ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún wá, irú èyí tí ẹnu ń ya ènìyàn sí. Ọ̀wọ́n ọjà ní oṣù kan náà jẹ́ 33.2. Ẹni tó yá ìjọba lówó gba owó púpọ̀ sí i, ó sì ra nǹkan díẹ̀ sí i.

Àárín ìbẹ̀rù méjì yìí, kí ọjà má já lójijì, kí owó má yọ́ díẹ̀díẹ̀, ni àwọn oníjìbìtì máa ń gbà wọlé. MMM ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2016. CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025.

Àjọ tó ń ṣàkóso pẹ́ńṣàn, PenCom, náà rí ìṣòro ọ̀hún. Láti 2018 ni wọ́n ti pín àpò náà sí ọ̀nà mẹ́rin nípa ọjọ́ orí. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún wà nínú àpò kejì, tó gba ṣíà púpọ̀ díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ èyí tó tún láyà jù bẹ́ẹ̀, òun ni yóò béèrè fún àpò kìíní. Ẹni àádọ́ta ọdún sókè wà nínú ẹ̀kẹta, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú ẹ̀kẹrin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ọ̀dọ́ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó lè fi dúró de ọjà tó já, arúgbó kò ní in. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò mọ àpò tí òun wà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé nípa rẹ̀ ń dé orí fóònù wọn.

Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí irú àpò yìí fún ọlọ́jà, mẹkáníìkì àti aránṣọ, àwọn tí òfin 1951, ti 1979 àti ti 2004 fo ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n lè dá iye tó bá wù wọ́n nígbà tó bá wù wọ́n. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni ẹni tó ni ín lè gbà láti fi gbọ́ bùkátà. Ìdá 60 yòókù, ó di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Apá àkọ́kọ́ ni ọlọ́jà Tẹ́júoṣó mọ̀ dáadáa, alájọ ló ti ń bá a ṣe é láti ọjọ́ tó ti ná ọjà. Apá kejì ni wọ́n ṣì ń rọ̀ ọ́ kí ó gbà.